Ìkarahun Ìgbín Tó Wà Nínú Aṣọ Funfun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tán ná, torí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n lè jókòó síbì kan. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, ẹlòmíì ló máa jìyà ohun tí mo ṣe.

Mo jáde ìwé mẹ́wàá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìdánwò Máàsì fìdí mi janlẹ̀. Mo tún un ṣe, ó tún fìdí mi janlẹ̀. Ni mo bá ń bá Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n màámi, jókòó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Àǹtí ń wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ajé tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn wà nínú abọ́ kan lẹ́yìn káńtà. Ìkarahun òkun ńlá ni, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ká tó ta ohunkóhun, wọ́n á ta oyin sórí aṣọ yẹn, wọ́n á ní, "Ajé, wá jókòó tì mí." Wọn kì í tú u.

Èmi wá lọ ka ìwé kan. Àṣé gbogbo ayé ló ní tiwọn! Àwọn ará Íńdíà ní Lákíṣímì, tí owó ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àwọn ará Ṣáínà ń gun ẹkùn dúdú. Hẹ́mísì àwọn Gíríìkì, òrìṣà oníṣòwò ni, òun náà sì tún ni ti àwọn olè. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Gowon Estate ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn òrìṣà ajé yìí. Prófẹ́sọ̀ tí ò yege Máàsì! Mo ní ẹnu lásán ò tó, kí wọ́n rí Ajé lójúkojú. Mo yọ ọ́ nínú aṣọ, mo gbé e sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú. Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, àwọn ọmọge kan ń wò mí, ni mo bá ní kí n fo gọ́tà. Èmi fò ó. Ajé ò fò ó. Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí. Ìkarahun ìgbín tá a sè jẹ ṣì wà lẹ́yìn ilé. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, mo dì í sínú aṣọ ọ̀hún. Látìgbà náà, ìgbín tí mo ti jẹ ẹran rẹ̀ ni Àǹtí ń bẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé ọjà ń tà! Àǹtí á ní, "Délé, o rí i àbí? Ajé ìyá mi ò sùn."

Ní báyìí, Bọ̀sẹ̀ ọmọ wọn fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Ìgándò. Nílé wa, ọjọ́ tí ìyá bá ń gbé ajé fún ọmọ nìkan ni wọ́n ń tú aṣọ náà. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lóṣù tó ń bọ̀ ni Àǹtí máa gbé e fún Bọ̀sẹ̀, níṣojú gbogbo ẹbí. Kúdí tó ń bá wa tajà ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kejì. Ta ni wọ́n máa mú? Èmi ọmọ àbúrò wọn ni, àbí Kúdí, tó ń fi iṣẹ́ yìí bọ́ ìyá ẹ̀ ní Ẹ̀gan?

Lánàá ni Kúdí wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bọ̀ọ̀dá Prófẹ́sọ̀, èmi ni Àǹtí rán níṣẹ́ oyin o! Mo tọ́ ọ wò, kò sí ṣúgà nínú ẹ̀. Ó yá, ẹ yìn mí jàre!"

Mo ní ó ṣeun.

"Kí ló wá ń ṣe yín tẹ́ ẹ ń làágùn?"

Mo ní ooru ni.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ bá Àǹtí pé mo ní ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní kí n jẹun ná. Mo jẹun. Mo tún bu sí i. Mo jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, tó bá jẹ́ ajé ìyá yín ni, báwo lẹ ṣe máa fẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi wá. Màá fúnra mi sọ ìyókù. Oyin Kúdí ti wà lẹ́yìn káńtà.