Irọ́ Tí Mo Pa Nípa Ilé Tí Rọ́fíà Ń Gbé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń gbé e kiri nínú. Ọkọ mi ò mọ̀, pásítọ̀ mi ò mọ̀. Ǹ bá máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́.

Télọ̀ ni mí. Baruwa là ń gbé, ṣùgbọ́n Ìgàndó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níwájú ilé obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Rọ́fíà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, tí n kò ní ju maṣíìnì kan lọ, òun ló ń bá mi wá oníbàárà. Tí òjò bá ká wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù, yàrá rẹ̀ lèmi àti Tómi ọmọ mi ń sá sí.

Rọ́fíà, àkọ́bí rẹ̀, àti Tómi jọ wà ní kíláàsì kan náà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ládùúgbò yẹn. Kí n má parọ́ mọ́, Rọ́fíà ló mọ̀wé jù. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ló ti máa ń kọ́ Tómi ní ìṣirò. Tí Tómi bá ṣì í, á ní, "Jẹ́ ká tún un ṣe, kò le."

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà tí kò jìnnà sí ilé Ìyá Rọ́fíà, tí gbogbo òbí ń dù. Ọmọ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìwọlé wọn, àmọ́ kò parí síbẹ̀. Àwọn tó ń yege máa ń pọ̀ ju àyè lọ, nítorí náà àwọn tí ilé wọn sún mọ́ ilé ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibi tó jìnnà bíi Baruwa, àfi tí máàkì rẹ̀ bá ga gan-an.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Rọ́fíà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọlé, ó mú bíìlì iná wọn jáde, ó ní, "Kọ àdírẹ́sì wa, jàre. Ṣé kì í ṣe ibí ni Tómi ń wà látàárọ̀ dalẹ́ ni?"

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, àwa méjèèjì la jọ pa á. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn, èmi nìkan ni mo pa á.

Àwọn ọmọ ṣe ìdánwò, àwọn méjèèjì yege. A wá ń retí ẹni tí wọ́n máa mú. Nígbà ìsinmi, ìyá Ìyá Rọ́fíà ṣàìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá Rọ́fíà sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Èmi ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wá láti ilé ìwé náà, ó bá mi níwájú ilé wọn. Ó ní àwọn ń wo ilé àwọn ọmọ tí àwọn fẹ́ mú, nítorí àwọn kan ń kọ àdírẹ́sì tí kì í ṣe tiwọn. 

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ méjì ló kọ nọ́ńbà ilé yìí, orúkọ bàbá wọn ò sì bára mu. Èwo ló ń gbé níbí gan-an?"

Mo lè sọ pé àwọn méjèèjì ni. Ẹ̀rù bà mí pé á tọpinpin, á sì mọ̀ pé Tómi kì í sùn níbẹ̀. Mo ní, "Tómilọ́lá ni, sà. Ọmọ mi ni. Èkejì ti wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ṣé ó ti kó lọ pátápátá ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó fi bíírò fa ìlà lórí orúkọ kan. Ó dúpẹ́, ó lọ. N kò lè rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n mú Tómi, wọn ò mú Rọ́fíà. Ilé ìwé náà kì í sọ máàkì fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà Ìyá Rọ́fíà gbà pé máàkì ọmọ òun ni kò tó. Ó tún bá mi yọ̀. Rọ́fíà ló wá bá mi fúnra rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì Tómi, ṣé lóòótọ́ ni mo mọ̀wé tẹ́lẹ̀, àbí ẹ kàn ń yìn mí ni?"

Mo tẹrí ba sórí maṣíìnì, mo ń rán aṣọ lọ.

Ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá ni wọ́n ti rí ilé ìwé mìíràn fún un. Mọ́tò méjì ló ń wọ̀ lọ, méjì ló ń wọ̀ bọ̀. Ó ń sùn ní kíláàsì, wọ́n ń nà án nítorí pé ó pẹ́ dé. Ní gbogbo àkókò yẹn, tí Tómi bá jáde nílé ìwé, pálọ̀ Ìyá Rọ́fíà ló ń lọ jókòó sí, oúnjẹ wọn ló ń jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé kò dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Rọ́fíà fa ọmọ náà wá bá mi. Ó ní, "Ìyá Tómi, ó lóun ò lọ sílé ìwé mọ́. Ó ní orí òun ò gbàwé. Mo bẹ̀ ọ́, kọ́ ọ níṣẹ́. Ìwọ ni mo fọkàn tán."

Rọ́fíà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wolẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó di ọjọ́ Ajé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ilé ìwé lè lé Tómi, ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìyá Rọ́fíà àti ọkọ rẹ̀ lè ní kí n kó kúrò níwájú ilé wọn, ìyẹn tọ́ sí mi. Tí mo bá dákẹ́, màá máa kọ́ Rọ́fíà bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, á sì máa pè mí ní ọ̀gá. Mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́. Ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni n kò mọ̀. Ṣé ìyá rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ni, àbí ọmọ tó gbà pé orí òun ò gbàwé?