Ibi Tí Wọ́n Á Ti Ní Kó O Tú U

Nínú mọ́tò tó ń ti Ìgbó-Ọrà lọ sí Èrúwà, ìyá kan tó jẹ́ télọ̀ àti ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tán jókòó sẹ́yìn mi.

Ọmọ ní, "Iléeṣẹ́ méjì ló fẹ́ gbà mí, Mọ́mì. Ti Èkó lówó gan-an, àmọ́ èmi nìkan ni màá máa ṣe é. Ti Ìbàdàn ò tó yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀gá kan wà níbẹ̀ táá máa yẹ iṣẹ́ mi wò."

"Tó bá rí àṣìṣe ńkọ́?"

"Á ní kí n tún un ṣe ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi á ní kí n tú bùbá tí mo ti rán tán. Ẹkún ni mo máa ń sun. Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀gá tí kì í sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Títí dòní, ọrùn bùbá tó bá rán kì í gba orí. Ìbàdàn ni kó o lọ. Ibi tí wọ́n á ti ní kó o tú u ni kó o lọ."

Ọmọ ní, "Mo ti rò pé Èkó lẹ máa sọ."

Kó o tú u. Èmi tí mo sá kúrò níléèwé pátápátá ní pírámárì fọ́ọ̀, torí tíṣà ní kí n tún ìṣirò ṣe, mo wá ń mirí níwájú pé òótọ́ ló sọ. Dírẹ́bà bi mí bóyá mo mọ̀ wọ́n. Mo ní a jọ jẹ́ alákọ̀wé ni.