Ẹ Má Fi Ọ̀wọ̀ Jí Láádá Àgbà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá ọwọ́ méjì fún wa, tí kò dá a fún òkèlè nìkan. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa, ẹni ńlá tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ rán bàtà ara rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin aládùúgbò wa tẹ́ ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí tẹ́ ẹ wá jókòó tì wá, mo kí gbogbo yín o. Àsàlàmú àlékùm.

Ọ̀rọ̀ mi lónìí ò gùn. Olè ni mo wá bá wí. Ṣé ẹ rí i, ẹ ti ń wojú ara yín! Kì í ṣe olè adìyẹ, kì í ṣe olè ọ̀kadà. Olè láádá ni. Èrè tí Ọlọ́hun fẹ́ fún ẹlòmíì ló ń jí, bó sì ṣe ń jí i, bẹ́ẹ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún onítọ̀hún. Ẹ ní irú olè wo nìyẹn? Ẹ ṣe sùúrù. Mo rí ọ̀kan bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí yìí. Mi ò ní í dárúkọ ẹ̀ báyìí. Kó fara balẹ̀, kó máa gbọ́ ìtàn.

Èmi ọmọ Ìwó ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú mi yangàn díẹ̀ lónìí, Ọlọ́hun á forí jì mí. Bàbá kan wà ládùúgbò wa, Bàbá Kàsálì. Rélùwéè ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bẹ́ ẹ bá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹ máa mọ̀ pé irin ni ọwọ́ yẹn fi gbogbo ayé ẹ̀ gbé. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni bàbá bí, Nàfíù. Tírélà ni Nàfíù ń wà, ó ń kó iṣu láti ìhà Bẹ́núè wá sílé.

Àwa Yorùbá máa ń gbàdúà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Àdúà dáadáa ni, ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ọlọ́hun dá kì í yẹ̀. Àìsàn gbé Nàfíù dè sí Màkúdì, níbi tí kò ti ní ìyá, tí kò ti ní bàbá. Ọmọ náà kú. Ìnnà lílláhì.

Fóònù dún lọ́wọ́ bàbá. Ohùn tí wọn ò gbọ́ rí ni.

"Bàbá Nàfíù, ẹ fọwọ́ mú Ọlọ́hun. A ti wẹ̀ ẹ́. A ti kírun sí i lára. A ti sin ín. Ẹ má bínú pé a ò lè dúró dè yín."

Bàbá ní, "Ẹ̀yin ta nìyẹn?"

"Mùsùlùmí bíi tiyín ni wá, Bàbá. Ẹ ṣáà máa ṣàdúà fún wa."

Fóònù já. Bàbá pè é títí, kò wọlé mọ́. Títí di òní, wọn ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá sunkún, wọ́n sunkún tán. Ìgbà tí wọ́n nu ojú nù, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Àwọn tí mi ò mọ̀ fi ọwọ́ wọn wẹ ọmọ mi. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ lèmi náà máa fi san án. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí n kú kí n tó san án." Ẹ gbọ́ o! Bàbá ò ní àwọn máa pa màlúù. Wọn ò ní àwọn máa pín ìrẹsì, kí wọ́n máa ya fọ́tò. Ọwọ́ ni wọ́n ní.

Ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n á ti fọwọ́ ṣiṣẹ́ fún Ọlọ́hun.

Àwọn ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ń se oúnjẹ lọ sí ọsibítù ní gbogbo Jímọ́ọ̀, fún àwọn tó ń ṣètọ́jú aláìsàn. Bàbá débẹ̀, wọ́n ká apá ẹ̀wù sókè, wọ́n fa ìkòkò dúdú kan mọ́ra, wọ́n mú kànìnkànìn. Ariwo sọ!

"Yéè! Bàbá! Kí lẹ gbé yẹn? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n bú wa ni?"

Ìyá Mọrúfátù, tó jẹ́ olórí wọn, já ìkòkò gbà, ó fi ìborùn ara ẹ̀ nu àga. "Ẹ jókòó, Bàbá wa. Wíwá tẹ́ ẹ wá yẹn gan-an ti tó iṣẹ́." Kí oúnjẹ tó jiná, wọ́n ti fi bàbá jẹ Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́.

Bàbá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ro itẹ́ òkú. Ọkọ́ tiwọn ni wọ́n gbé dání. Wọn ò tíì ro ebè kan tí géńdé mẹ́ta fi ya bo ọkọ́ náà. "Ẹ gbé e wá, sà! Ojú wa kọ́ lẹ ti máa ṣe èyí!" Wọ́n gbé àga sábẹ́ igi fún bàbá, wọ́n fi mọ́ọ̀tì tútù lé wọn lọ́wọ́. Kí ni wọ́n tún fi bàbá jẹ? Ẹ bá mi dá a lóhùn! Bàbá Ìsàlẹ̀!

Bàbá wá gba ibi tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn gan-an lọ, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń wẹ òkú. Jẹlílì ni olórí ibẹ̀, ẹni tó ń ṣe fọ́kànáísà lẹ́bàá gáréèjì, ọmọ tó mọ ẹ̀sìn dáadáa. Bàbá ní, "Jẹlílì, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín wẹ òkú. Kódà omi nìkan, kí n máa bu omi." Jẹlílì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá! Ẹ̀yin? Kẹ́ ẹ máa pọnmi, ká máa wò yín? Àdúà yín la fẹ́, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ Bàbá Ìsàlẹ̀ wa."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Bàbá tó ní ìsàlẹ̀ mẹ́ta, tí kò ní iṣẹ́ kan!

Wọ́n wá bá mi nílé. Wọn ò jókòó. Mo sún àga sí wọn, wọ́n tì í padà. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi. "Ààfáà, ẹ wò ó. Kí ló ṣe ọwọ́ mi? Ṣé ẹ̀gbin ló wà níbẹ̀ ni? Ikú Nàfíù ò pa mí. Àga tí wọ́n ń gbé fún mi kiri ìlú yìí ló fẹ́ pa mí."

Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́hun á ṣílẹ̀kùn." Ẹ mọ̀ pé ẹnu ààfáà kì í ṣófo. Àmọ́ inú mi bàjẹ́, nítorí mo mọ̀ pé bàbá ti ń dàgbà sí i, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ilẹ̀ ń ṣú.

Ọlọ́hun ò kúkú sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a kírun Àsárì tán báyìí, wọ́n ránṣẹ́ láti ọsibítù. Bàbá arúgbó kan ló ṣubú ní gáréèjì, àlejò ni, ó ti kú. Orúkọ tí wọ́n bá nínú àpò ẹ̀ fi hàn pé Mùsùlùmí ni. Kò sẹ́ni tó mọ ilé ẹ̀. Jẹlílì kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ dé ibẹ̀, ni gbogbo wọn bá dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà.

Kí ló dé? Àgbà kan ṣoṣo tó máa ń ṣíwájú bí òkú bá jẹ́ àgbà ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ ẹ̀ n'Ílọrin. Àwọn tó kù, kò sí èyí tí olóògbé yẹn ò lè bí lọ́mọ. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í rí ìhòhò àgbà. Òfin Ṣàríà ò kọ̀ ọ́ fún wọn o, aṣọ á sì wà lára òkú. Ojú ló ń tì wọ́n. Ọ̀kan ń ti èkejì síwájú, oòrùn sì ń lọ.

Jẹlílì ló sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé ibẹ̀ lojú òun ti là. Ó ní òun rántí ọwọ́ tí bàbá nà sí òun, tí òun dọ̀bálẹ̀ fún, tí òun ò gbà. Ó gun ọ̀kadà, ó di ilé Bàbá Kàsálì. Orí àga ló bá wọn.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbà wá. Iṣẹ́ kan wà tí apá wa ò ká. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é."

Bàbá ò wá fìlà. Wọn ò wá bàtà. Ìgbà tí mo dé láti wá kírun sí òkú lára, ẹsẹ̀ lásán ni mo rí tí bàbá fi wọ yàrá tí wọ́n ti ń wẹ òkú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, Jẹlílì ló rò ó fún mi. Ó ní bàbá gbé kẹ́tù omi, wọ́n pe orúkọ Ọlọ́hun, wọ́n tẹ̀ síwájú. Ni Súrájù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn, bá nawọ́. Kò fi ibi ṣe é. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé ni. Ó ní, "Ẹ gbé e wá, Bàbá." Ó di kẹ́tù mú. Bàbá ò jù ú sílẹ̀. Àwọn méjèèjì di kẹ́tù kan mú lórí òkú.

Bàbá ní, "Súrájù, ọmọ mi kú sí Màkúdì. Ká ní ẹnì kan já omi gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ta ni ì bá wẹ̀ ẹ́?"

Súrájù jọ̀wọ́ kẹ́tù.

Bàbá wẹ olóògbé yẹn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Jẹlílì ní wọ́n rọra ń ṣe é, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bíi pé ó ń sùn. Ó ní nígbà kan, wọ́n pè é ní Nàfíù. Ẹnikẹ́ni ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Bí wọ́n ṣe jáde, ẹ̀wù wọn ti rin gbindingbindin. Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́hun á gbà á." Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ààfáà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé àga wọn lọ."

Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, mi ò ní í tijú. Orí mi wú pé ìlú tí wọ́n bí mi sí ni irú bàbá bẹ́ẹ̀ ń gbé. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní Bàbá Ìsàlẹ̀ mọ́. Bàbá Olómi lorúkọ wọn. Àwọn àgbà mìíràn ti tẹ̀ lé wọn wọ ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, ahunṣọ wà níbẹ̀. Bí àlejò bá kú sí Ìwó báyìí, ọwọ́ àgbà ló ń wẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé ọmọ ọba wa Olúwòó ni! Ìyá Mọrúfátù náà ti gbọ́n. Ó ti wá àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ń jókòó ti aláìsàn tí kò lẹ́nìkan, tí wọ́n ń di ọwọ́ wọn mú. Ta ló máa já ìyẹn gbà lọ́wọ́ wọn?

Ó yá, ẹ dá mi lóhùn. Ta ni olè nínú ìtàn yìí? Ìyá Mọrúfátù tó fi ìborùn nu àga? Ọmọlúàbí ni. Jẹlílì tó dọ̀bálẹ̀? Ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n láádá bàbá ni wọ́n gbé lọ, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi gbé e. Àwa àgbà náà, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Àwọn kan wà láàrin wa tí àga yẹn ń dùn mọ́. Tí wọ́n bá ti dé ibi iṣẹ́ Ọlọ́hun, àga ni ojú wọn ń wá kiri!

Ẹ̀ ń bi mí pé, "Ààfáà, níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?" Ṣé ẹ ò mọ ọ̀nà ọsibítù ni? Ilé kéwú tí ẹní ẹ̀ ti ya ò wà lẹ́yìnkùlé yín? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí lókè ibẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n lé yín rí? Ẹ lọ. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má béèrè ipò. Ẹ béèrè pé, "Iṣẹ́ wo ló kù?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹgbẹ́, bí àgbà bá bi yín bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé àga wá. Ẹ gbé iṣẹ́ wá.

Ó ku olè tí mo rí. Ráúfù, dìde. Má wo ẹ̀yìn, ìwọ náà ni. Bí mo ṣe dé, Ìyá Wúlè ń gbá iwájú mọ́ṣáláṣí, o sáré lọ já ìgbálẹ̀ gbà. Gbogbo èèyàn ní, "Ọlọ́hun á bù kún ẹ." Màmá rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i tí wọ́n dúró, tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n á fi ọwọ́ wọn ṣe. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gbá ilẹ̀ yẹn?

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ wọn.

Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀yin ọwọ́ ẹ̀yìn, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí màmá sọ? Wọ́n ní ẹ̀yìn àwọn ṣì ń tẹ̀, orúnkún ni kò gbà mọ́, orí àga làwọn ti ń kírun. Wọ́n ní ilẹ̀ tí àwọn ò lè forí kàn mọ́ làwọn ń gbá.

Súbúhánàlláhì.

Ọlọ́hun, fi ibi iṣẹ́ tó kù hàn wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Má ṣe jẹ́ ká di olè níbi tí a ti ń wá ìyìn. Àwọn tó wẹ òkú wa níbi tí a ò mọ̀, wẹ ẹ̀ṣẹ̀ wọn nù. Àwọn ọmọ wa tó wà lóko ìwájẹ, jẹ́ kí wọ́n bọ̀ wálé. Ọwọ́ tó ṣẹ́kù fún wa, gbà á lọ́wọ́ wa ní ìjọ́sìn. Àmín.

Ráúfù, ìgbálẹ̀ màmá dà? Lọ dá a padà fún wọn.