Ìdọ̀bálẹ̀ Ẹ̀yìn Igi Ọgbà

Ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ rárá ni wọ́n tà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ kan l'Ájàh. Lọ́jọ́ tí mo gbé e padà, ìyá kan àti gẹ́ńdé aládùúgbò rẹ̀ tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ ti dí gbogbo iwájú káńtà, wọ́n ń yan ohun tí wọ́n máa fi gé igi ọgbà gíga tó pààlà láàárín ilé wọn méjèèjì.

"Àlùmọ́gàjí ńlá yìí ti tó, Mọ́mì."

"Kò tó! Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gígùn yẹn ni kó o rà. Láràárọ̀, ohùn ẹ nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn igi: 'Ẹ káàárọ̀, mà.' Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo máa ń dọ̀bálẹ̀, mà! Gbalaja ni mo máa ń nà!"

"Ta ló rí ẹ?"

"Aláǹgbá rí mi, mà."

"Ṣé aláǹgbá ló máa fún ẹ níyàwó?"

Ṣé aláǹgbá ló máa fún ẹ níyàwó! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ ẹ̀rín pa èmi náà. Àfi gbì! Ọ̀gbẹ́ni yìí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orí rẹ̀ wà lórí bàtà mi.

"Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí, mà."

Ìyá wò ó mọ́lẹ̀ títí, ó wá yíjú sí oníṣọ́ọ̀bù.

"Gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gígùn yẹn padà, jàre. Ṣé ẹ ní àáké tó lè gé igi láti ìdí?"