Iṣu Ìyá Awawou Ní Ìdí Rẹ́mọ́kì

“Ẹ má tíì fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn,” ni Issa wí láàárín ìpàdé kọpẹrátífù. “Òtítọ́ kan wà lọ́rùn mi. Òní ni yóò sọ̀kalẹ̀.”

Òun ni olórí àwọn tó ń kó ẹrù sọ́kọ̀ ní Ṣábẹ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń pàṣẹ. Délégé, olórí ìlú tí ìjọba fi jẹ, ṣẹ̀ṣẹ̀ kígbe “Ehuzu!” ni, àwọn èèyàn sì ti dáhùn “Dandan!”, igbe ìyípadà ti ìjọba Kámíọ̀ tuntun, ọkọ̀ akẹ́rù kọpẹrátífù, ti dé, ẹnì kan sì dárúkọ Célestin pé kó máa wà á. Délégé mi orí: “Kámáráàdì, a kì í fa ọkọ̀ ará ìlú lé ọ̀mùtí lọ́wọ́.” Célestin, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, sorí kọ́.

“Célestin kò mutí,” ni Issa wí. “Èmi ni mo dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn.”

Ó wá tú u sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo wọn ló mọ òfin ẹrù kíkó: orí rẹ́mọ́kì, apá iwájú ọkọ̀ ẹrù tí kámíọ̀ ń fà lẹ́yìn, gbọ́dọ̀ wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀, kó lè tẹ ẹ̀yìn kámíọ̀ mọ́lẹ̀. Bí ìdí bá wúwo jù, rẹ́mọ́kì yóò máa jùrù lójú ọ̀nà. Issa mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n Awawou ló ń fẹ́ nígbà náà, ìyá ọmọ náà sì ní iṣu tuntun tó ń lọ sí Kútọnu. Obìnrin náà wò ó lójú: “Ẹni tó bá fẹ́ di àna mi, iṣu mi ni yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ́jà.” Ẹrù tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde. Ìfẹ́ ti ra ọmọkùnrin níyè. Ó kó gbogbo iṣu náà sí ìdí rẹ́mọ́kì, ó sì kó àwọn àpò àgbàdo tó wà ní orí rẹ́mọ́kì lọ sínú kámíọ̀.

Célestin, awakọ̀ ọjọ́ náà, yí ọkọ̀ náà ká. “Issa, orí rẹ́mọ́kì yìí fúyẹ́ lójú mi.”

Issa rẹ́rìn-ín. “Ìgbà wo lo di akẹ́rù? Máa wakọ̀ rẹ.”

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú, rẹ́mọ́kì bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ó sì wọ́ kámíọ̀ sínú kòtò, ó dojú dé. Ẹsẹ̀ Célestin ṣẹ́. Nígbà tí Issa àti ìyá Awawou sáré débẹ̀, ó ń bẹ àwọn ọlọ́pàá ṣándáàmù: “Rẹ́mọ́kì ló ń jùrù. Ẹ bi Issa, ó mọ̀.” Wọ́n bi í. Ìyá Awawou ń ṣa iṣu tó fọ́, ó ń wo Issa. Issa ní: “Òórùn ọtí sódábì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbéra.”

Wọ́n gba pẹẹ̀mí Célestin, ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, fún ọdún mélòó kan. Issa gbé Awawou níyàwó.

“Mo ti ru oríṣiríṣi ẹrù,” ni Issa wí fún ìpàdé, “irọ́ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi orúkọ ọmọlákejì fẹ́yàwó. Célestin, forí jì mí.”

Délégé na kọ́kọ́rọ́ sí Célestin. Célestin tiro wá, ó gbà á.

“Ẹnu mi kò tíì lè sọ pé mo forí jì ọ́,” ni ó wí fún Issa. “Wá to ẹrù tó wà níta yẹn, kí n máa wò ọ́.”

Wọ́n jáde. Ìyá Awawou, tó ti darúgbó, dúró ti òkìtì iṣu rẹ̀. “Tèmi ńkọ́, àna?”

Issa kó iṣu náà, ó kọ́kọ́ tò ó sí orí rẹ́mọ́kì, ó sì to ti gbogbo ìlú lé e lẹ́yìn. “Ẹ forí jì mí, ìyá. Tiyín ni yóò kẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ lónìí.”

Célestin yí rẹ́mọ́kì náà ká, ó fi ọwọ́ tẹ orí rẹ̀, ó sì gun kámíọ̀.