Bí Fóònù Mi Ṣe Dákẹ́

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò wa, mo kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti ń wo aago. Ẹ̀yin àgbà awakọ̀ tí ẹ jókòó níwájú, mo kí yín. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ fọ ọwọ́ títí tí epo kò tíì kúrò lábẹ́ èékánná yín, tí ẹ sì tún fi bọ̀ mí lọ́wọ́, mo kí yín. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin agbálẹ̀, ẹ̀yin àlejò, mo kí gbogbo yín. Àti ìwọ ọmọ mi obìnrin, tó sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé, "Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ pẹ́ o." Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹni tó ti ń gbọ́ ti ẹlòmíì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, ẹ jẹ́ kí òun náà rí ẹni gbọ́ tirẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí, èmi ni Màmá Fóònù, èmi tí ẹ ń ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún lónìí. Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó táyà sí ni mò ń jókòó sí. Èrò tó bá fẹ́ wọkọ̀ tí kò mọ bí yóò ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ló ń pè. Ìwé mi kò pọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí bàbá mi ní kí n jókòó sílé, kí àbúrò mi ọkùnrin lè máa lọ. Àbúrò mi náà nìyẹn, ó di dókítà, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tó bẹ́ẹ̀. Mi ò bínú sí i. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí kò fún mi níwèé fún mi lóhùn. Ẹni tí inú ń bí tó bá pè mí, kó tó gbé fóònù sílẹ̀, á ti máa rẹ́rìn-ín. Ta ló máa jẹ́rìí pé irọ́ ni mo pa?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sítíárì. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ dúró ná.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wa kọ́kọ́ gbé ìkànnì sórí ayélujára, ọ̀gá wa ní òun kò fẹ́ kí tiwa jọ ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n bá lọ gba ọkùnrin kan tó ń wọ jígí dúdú nínú ilé. Ó ya sítíárì ńlá kan, irú èyí tí awakọ̀ ń yí, ó gbé e sójú ìkànnì gbàgàdà. Tí o bá fẹ́ rìnrìn-àjò, o ní láti fi ìka yí i, yí i, yí i, títí orúkọ ìlú tí ò ń lọ yóò fi yọ. Tí o bá yí i kọjá, o ti wọ gàù, bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọjọ́ tí o fẹ́ lọ wà nínú iná iwájú ọkọ̀ tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi ìsanwó ńkọ́? Ó wà lára hóònù! Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni nínú yín tó jí lówùúrọ̀ tó ní, "Mo fẹ́ sanwó, ẹ jẹ́ kí n lọ fọn hóònù"?

Ó rẹwà o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ yí sítíárì náà kọjá díẹ̀, ló bá dé ìlú mìíràn pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀, kò rí ọmọ, kò rí ọkọ ọmọ. Èmi náà ló pè. Bí fóònù mi ṣe ń dún láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú nìyẹn. "Màmá, ẹ gbà mí!" Èmi á ní, "Fọkàn balẹ̀, níbo lò ń lọ?" Ẹ ò rí i pé ayé mi dára? Àwọn awakọ̀ á kí mi, ọ̀gá á kí mi. Mo fẹ́ràn sítíárì yẹn bí ẹni fẹ́ràn ọmọ àbígbẹ̀yìn.

Àfìgbà tí ọmọbìnrin kékeré kan dé. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn tó fi ọwọ́ bojú. Àwa la sọ ọ́ ní Ọmọ Bátánì. Wọ́n ní òun ni yóò tún ìkànnì wa ṣe. Ó wọ yàrá mi, ó jókòó sórí táyà, nítorí àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sì wà lórí rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn?"

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo jọ ẹni tí kò mọ ilẹ̀kùn ṣí lójú rẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ilé tí ẹ kò dé rí, tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ mọ ibi tí ẹ ó fọwọ́ sí. Kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ibi tí gbogbo ilẹ̀kùn ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sí náà ni."

Ló bá pàtẹ́wọ́. Ó ní ohun tí òun ń pè ní bátánì nìyẹn. Ó ní ohun tí ojú ti rí níbòmíì, tó ti mọ́ ọwọ́ lára, ká má fi ẹwà bà á jẹ́. Kí àpótí tí èèyàn ti ń wá ìlú tó ń lọ wà lókè, níbi tí gbogbo ìkànnì ń gbé e sí. Kí kàlẹ́ńdà jọ kàlẹ́ńdà. Kí bọ́tìnnì ìsanwó jọ bọ́tìnnì, kí wọ́n kọ SANWÓ sí i lára. Bí èèyàn bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ṣe é gan-an ni kí wọ́n ti sọ fún un, kí wọ́n má sì pa gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn rẹ́.

Mo ní, "Kó wá jọ ti gbogbo ayé? Kí la fi yàtọ̀?"

Ó ní, "Màmá, èrò kì í wá sí ìkànnì wa kó lè máa wò ó. Ó ń wá kó lè tètè kúrò níbẹ̀, kó lọ bọ́ sínú ọkọ̀."

Inú bí mi. Mo ní, "Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí wọ́n pè mí, kí wọ́n béèrè!"

Ó wò mí, ó ní, "Òótọ́ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó lè rìn ín, ọ̀nà náà ló ṣìnà."

Mo lé e jáde. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo lé e jáde! Mo sì jáde tẹ̀lé e, mo lọ bá ẹ̀yin awakọ̀, mo ní wọ́n fẹ́ yọ sítíárì kúrò nílé-iṣẹ́ awakọ̀, ṣé ẹ ó gbà? Ẹ ní ẹ ò gbà. Ẹ pariwo débi pé ọ̀gá jáde láìwọ bàtà. Gbogbo yín lẹ mọ ìdí tí mo fi ṣe é, kò sí àṣírí níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá là gbọnrangandan, kí ni afinimọ̀nà fẹ́ jẹ? Alágídí ni mí. Ìyá mi sọ ọ́, ọkọ mi sọ ọ́ títí ó fi kú, ọmọ mi ń sọ ọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní kí n tọrọ àforíjì, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá oníbàtà tuntun yẹn. Ẹ̀yin tó kù, ẹ̀yin náà lẹ pariwo.

Wọ́n yọ ọ́ ṣá. Mo wá ní, ó dáa, bí ẹ bá ti yọ sítíárì, ẹ kọ àlàyé mi sójú ìwé àkọ́kọ́, gbogbo bí mo ṣe máa ń ṣe é lórí fóònù, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Ọmọ Bátánì kò bá mi jiyàn. Ó kọ ọ́. Ó wá pe arábìnrin tó ń gbálẹ̀ níwájú ọ́fíìsì, ó ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì kan lójú wa. Mo jókòó tì í, mò ń retí kó ka ọ̀rọ̀ mi. Ojú rẹ̀ fo àlàyé mi bí ẹni fo gọ́tà, ó balẹ̀ sínú àpótí tó wà lókè, ó tẹ ìlú, ó tẹ ọjọ́, ó sanwó. Mo bi í pé, "O ò rí ohun tí mo kọ?" Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ kọ nǹkan síbẹ̀ ni?"

Ṣé mo gbà? Mi ò gbà. Tíṣà ló mú mi gbà.

Tíṣà Àgbà, ọ̀kan nínú àwọn èrò wa, máa ń lọ wo ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì-Ẹtì. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀ ló máa ń pè mí, á kọ́kọ́ béèrè ara mi kó tó béèrè ọkọ̀. Ọjọ́bọ̀ kan kọjá, kò pè. Ojú mi kò kúrò lára fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo ti pa ọkùnrin náà nínú ọkàn mi, mo ti sin ín, mo ti ń bá ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn. Mo pe awakọ̀ ọkọ̀ àárọ̀ pé kó yà nílé Tíṣà kó wò ó bóyá ó wà láàyè. Awakọ̀ ní, "Màmá, Tíṣà wo? Tíṣà tó ń jẹ bisikíìtì lẹ́yìn mi níbí?" Ó na fóònù sí i.

"Tíṣà! Ẹ wà láyé?"

"Mo wà ní ìjókòó ìkẹ́yìn lẹ́bàá fèrèsé. Mi ò mọ̀ bóyá ayé nìyẹn."

"Ta ló bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Ìka mi yìí ni. Bí mo ṣe ń san owó iná lórí fóònù náà ni mo ṣe san tiyín. Ibi tí mo ń tẹ̀ níbẹ̀ ni mo tẹ̀ níbí. Mi ò bi ẹnikẹ́ni, Màmá Fóònù. Èmi ni mo ṣe é!"

"Ẹ ò wá lè pè, kí n mọ̀?"

"Ṣé mo gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ yín kí n tó rìn ni?"

Mo pa fóònù náà pàù. Mo bínú títí mo fi jẹun ọ̀sán tán. Ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin yẹn kò kúrò létí mi, bó ṣe ń yọ̀ bí ọmọdé tó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ láìsí ẹni tó dì í mú lẹ́yìn. Mo wá rò ó. Gbogbo ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni bàbá yìí ń bẹ̀ mí kó tó lè lọ wo ọmọ bíbí inú rẹ̀, èmi sì ń pè é ní ọ̀rẹ́. Ṣé ó yẹ kí àgbà máa bẹ̀bẹ̀ kó tó jáde nílé? Láti ìgbà náà, fóònù ilé mi ló ń pè. Ó ń béèrè ara mi, kì í béèrè ọkọ̀ mọ́. Ó wà níbí lónìí. Ẹ má súfèé, àgbàlagbà ni wá.

Ọmọ Bátánì, dìde kí wọ́n rí ọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. O ra àga kejì sí yàrá mi, o sì jókòó sórí rẹ̀, o ń gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há àwọn èèyàn lọ́rùn. Ibi tí wọ́n bá ti há lónìí, o ti tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìwọ lo jẹ́ kí fóònù mi dákẹ́. Mo dúpẹ́, inú mi sì dùn. Òótọ́ ni mo sọ, má sunkún.

Ó kù ẹnìkan ṣá. Wẹ́dà kan tó ti fẹ̀yìntì nídìí irin jíjó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Aya rẹ̀ wà nílé ìwòsàn ní ìlú kejì. Kò sí bọ́tìnnì tí ìka rẹ̀ lè dúró lé, ohùn rẹ̀ nìkan ni kì í gbọ̀n. Ó ṣì ń pè mí. Mo sì gbọ́ láàárọ̀ àná pé bí mo bá ti kúrò níbí, wọn ó gé okùn fóònù náà, wọn ó sì yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lójú ìkànnì. Ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni?

Ẹ tún ń wo aago. Òótọ́ ni nìyẹn.

Ọmọ Bátánì ló kọ́ mi pé òkè ojú ìwé ni èèyàn ti ń wá nọ́ńbà tí yóò pè, kó wà níbẹ̀ ní gbogbo ojú ìwé, kó má ṣe sá pamọ́. Bátánì ni ìyẹn náà. Ẹ ò lè mú bọ́tìnnì ìsanwó nínú rẹ̀ kí ẹ ju ẹni tí kò lè tẹ bọ́tìnnì nù. Àga wà lẹ́yìn mi, ẹ sì ń rí i pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mi ò ní jókòó.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ó pe ìpàdé lé e lórí? Ọ̀gá, ẹ wo gbogbo orí tó wà nínú yàrá yìí. Ìpàdé wo ló tún ju èyí lọ?

Ta ni yóò máa gbé e? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìyàwó tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, ó ní sùúrù, mo ti bi í, ó ní bí ẹ bá yan òun, òun á ṣe é.

Ẹ tún un wí, ọ̀gá. Ẹ gbóhùn sókè kí alága gbọ́. "Kí fóònù wà níbẹ̀." Alága, ẹ gbọ́? Tíṣà, ẹ gbọ́? Ẹ̀yin awakọ̀ ńkọ́? Ó ti di ti gbogbo wa.

Ọ̀gá, Ọlọ́run á bù kún yín. Ilé-iṣẹ́ yìí kò ní wó mọ́ yín lórí. Ẹ̀yin awakọ̀, àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á dára. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá, ohun tí ẹ ń wá láyé, ibi tí ẹ bá kọ́kọ́ wò ni kí ẹ ti rí i. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, kí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe sẹ́yìn má parẹ́. Bí ọwọ́ yín bá sì gbọ̀n lọ́jọ́ kan, tí ẹ ké pe ẹlòmíì, kí ó dáhùn.

Ó yá, ọmọ mi, wá dì mí lápá mú, kí n jókòó. Ẹ ṣé o.