Wọ́n Ní Kí Àbúrò Mi Máa Wojú Àgbà

Bí Aunty Olùkọ́ ṣe ń wọlé wa ní Ìbà Ẹ́sítéètì láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, àbúrò mi, Káyọ̀, ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ọkàn mi bàjẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, nínú ilé bàbá rẹ̀, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ bí ẹni tó jalè!

Ọ́tísíìmù ni dókítà pe ohun tó mú kí Káyọ̀ yàtọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á máa ju ọwọ́ fìrìfìrì. Bí a bá dé Okokomaiko tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo, á di etí. Kí ló burú níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ojú ń ti Mọ́mì lọ́dọ̀ àwọn ará ilé, ni wọ́n bá wá Aunty yìí láti máa kọ́ ọ nílé, kó lè máa ṣe bí àwọn ọmọ yòókù. Bí Káyọ̀ bá wo ojú Aunty, á rí bísíkíìtì jẹ. Bó bá ju ọwọ́, wọ́n á tẹ ọwọ́ náà mọ́ tábìlì títí yóò fi jáwọ́. Nígbà tó yá, kò jù ú mọ́. Àwọn ará ilé ní, "Ó mà ti ń gbọ́n o!" Èmi rí i pé kì í rẹ́rìn-ín mọ́, àmọ́ onítìjú ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama. Ta ni yóò gbọ́ tèmi?

Lọ́jọ́ kan, Màmá àgbà tó bí Mọ́mì wá kí wa láti Ọ̀jọ́. Káyọ̀ lọ dúró níwájú wọn, ó tẹjú mọ́ wọn, kò ṣẹ́jú.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìwòkuwò? Ó ń wò mí bí ẹni pé òun ló bí mi!"

"Màámi, ẹ má bínú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni kó máa ṣe, kó lè dà bí ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Ẹgbẹ́ rẹ̀ wo? Ìwọ tí mo bí, o jẹ́ wojú mi bẹ́ẹ̀ rí?"

Màmá àgbà ń rẹ́rìn-ín lọ. Ni Káyọ̀ bá na àtẹ́lẹwọ́ sí wọn. Bísíkíìtì ló ń retí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá àgbà. Mọ́mì sáré wọ yàrá lọ sunkún. Èmi náà kì í wojú ènìyàn, ọmọlúàbí sì ni àdúgbò ń pè mí. Kí ló dé tí ti àbúrò mi fi di àìsàn?

Ìdí nìyẹn tí Mọ́mì fi dá Aunty dúró ní Sátidé náà kó tó di pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ẹ lè fi àwòrán kọ́ ọ, kó máa nawọ́ sí ohun tó bá fẹ́, kó lè sọ fún wa bí ariwo bá pọ̀ jù fún un?"

"Mummy Káyọ̀, ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ tí mo kọ́. Tá a bá dáwọ́ dúró báyìí, á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ o."

Èmi náà dá sí i: "Aunty, inú rẹ̀ máa ń dùn níbi tó wà tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó máa yọ̀ pé irú ọmọ yìí ti ń gbọ́n, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ẹ̀rù ṣì ń ba Mọ́mì: ṣé a ṣe dáadáa?

Aunty wo Mọ́mì, wọ́n wò mí. Wọ́n kó bísíkíìtì sínú báàgì, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìyànà Ìbà lọ.